Géèmù Destiny 2: Ibi Tó Dára Sí àti Ibi Tó Kù Sí



Níbi ìpàdé wa tó kọjá, nígbà tí a parí ẹ̀kọ́ tí ó ku ìbéèrè, arákùnrin wa kan nawọ́ sókè. Ó ní òun ti ń tọ́jú owó fún oṣù mẹ́ta láti fi ra àfikún géèmù Destiny 2, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n òun ní kí òun má dán an wò, pé ẹni tó bá ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ da owó rẹ̀ sínú kànga ni. Ó wá béèrè pé kí ni ẹgbẹ́ rí sí i. Ká má parọ́, kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá. A rí bí àwọn kan ṣe dorí kodò nínú gbọ̀ngàn. Àwa gan-an tí a ń kọ ìwé yìí, a ti lo alẹ́ tó pọ̀ nídìí géèmù náà. Nítorí náà a kò ní sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró lókèèrè tó ń sọ òkò wọ ọjà.

A kò fẹ́ kàn sọ pé géèmù dára tàbí pé géèmù burú kí a sì jókòó. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó àti àsìkò rẹ̀ sí nǹkan, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́.

KÍ NI DESTINY 2?

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni Bungie, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kì í ṣe ọmọ àná nídìí iṣẹ́ yìí: ọdún 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn náà ló sì ṣe Halo tó jáde ní 2001. Destiny àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2014. Ìkejì, èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé, jáde ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 2017 fún PlayStation 4 àti Xbox One, ti kọ̀ǹpútà sì tẹ̀lé e ní oṣù Kẹwàá. Dọ́là 60 ni wọ́n ń tà á nígbà náà. Ní oṣù Kẹwàá 2019 wọ́n sọ apá tó jẹ́ ìpìlẹ̀ di ọ̀fẹ́, ó wá ku àwọn àfikún ńlá tí wọ́n ń tà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìtàn inú rẹ̀ jẹ́ àròsọ onísáyẹ́ǹsì. Wọ́n ní ohun kan tó dà bí bọ́ọ̀lù funfun ràbàtà, Traveler lorúkọ rẹ̀, wá láti ojú òfuurufú, ó sì ran ọmọ aráyé lọ́wọ́ débi pé wọ́n ń gbé orí Mars àti Venus. Ọ̀tá dé, ayé bàjẹ́, ó ku ìlú kan ṣoṣo tó sá sábẹ́ bọ́ọ̀lù yẹn. Ẹni tó ń gbá géèmù náà ni Guardian, jagunjagun tó ti kú rí, tí ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ghost tún jí dìde láti máa gbèjà ìlú.

Àlọ́ ni. Gbogbo wa la mọ Ẹni tó ń jí òkú, àlọ́ ìjàpá kò sì yí ìyẹn padà. Síbẹ̀, àwọn ọ̀tá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọlọ́run, orúkọ òrìṣà àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, Osiris, ló sì wà lára ìdíje tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Èyí kò dẹ́rù bà wá, ṣùgbọ́n tí àbúrò rẹ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bá jókòó tì ọ́ tó ń wò, ìwọ ni kí o ṣàlàyé fún un, má fi í sílẹ̀ kí géèmù máa ṣe olùkọ́ rẹ̀.

IBI TÍ ỌWỌ́ WỌN ṢE DÁADÁA

Ìbọn ni àkọ́kọ́. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n nínú eré oníbọn, ìbọn yíyìn ni èèyàn yóò fi wákàtí lórí wákàtí ṣe. Bí ìbọn kọ̀ọ̀kan ṣe ń ta ọwọ́ sẹ́yìn, bí ó ṣe ń dún, bí nọ́ńbà ṣe ń fò jáde lára ọ̀tá tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń di yẹ́lò nígbà tí ọta bá ba ibi tó ti dùn ún jù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fara balẹ̀ ṣe. Oríṣi jagunjagun mẹ́ta ló wà, Titan, Hunter àti Warlock, kò sì sí méjì tó ń fò bákan náà nínú wọn. Hunter ń fò lé fífò lójú òfuurufú, Warlock ń rọra léfòó bí ìyẹ́ adìyẹ. Nínú gbogbo eré oníbọn tí a ti gbá, a kò tíì rí èyí tó jù ú lọ nídìí èyí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn ló dè wá mọ́ ọn. Raid ni.

Raid ni iṣẹ́ ńlá tí èèyàn mẹ́fà gbọ́dọ̀ jọ ṣe. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan ṣàpẹẹrẹ, Vault of Glass, tó wà nínú Destiny àkọ́kọ́ ní 2014, tí wọ́n sì dá padà sínú ìkejì ní oṣù Karùn-ún 2021. Ọ̀tá ìkẹyìn tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Atheon. Bí ìjà bá ti gbóná, Atheon yóò já ẹni mẹ́ta gbà nínú mẹ́fà, yóò gbé wọn lọ sí àsìkò mìíràn, bóyá ayé àtijọ́, bóyá ayé tí kò tíì dé. Àwọn mẹ́ta tó kù síta ni yóò jà kí ilẹ̀kùn tí àwọn tó lọ yóò gbà padà tó ṣí. Nínú ibi tí wọ́n gbé àwọn mẹ́ta náà lọ, àwọn iná kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ yìnbọn fọ́ ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò mọ èyí tó ṣáájú. Àwọn tó wà níta ló mọ̀ ọ́n, àwọn náà kò sì lè yìnbọn dé ibẹ̀. Ẹnu nìkan ló lè so wọ́n pọ̀. Ẹni tó wà níta á pè é, ẹni tó wà nínú á yìn ín, tí ẹnì kan bá sì ṣì í, gbogbo wọn ló kú.

Kókó ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí Atheon yóò gbé lọ. Fún ìdí èyí kò sí ẹni tó lè sọ pé iṣẹ́ tìrẹ nìkan ni òun yóò kọ́. Gbogbo ẹni mẹ́fà gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ ara wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yìn jù kò sì wúlò tí kò bá lè dákẹ́ gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ. A ti rí ọmọ tí kò lè sọ gbólóhùn méjì níwájú ìpàdé ẹgbẹ́, tó jẹ́ pé òun ló ń darí àwa márùn-ún nínú raid, tí ohùn rẹ̀ balẹ̀ wẹ́lo bíi ti awakọ̀ àgbà.

Wọ́n tún ní àṣà kan tí a fẹ́ràn. Ẹni tó ti mọ raid dunjú, tó wá ń mú àwọn tí kò mọ nǹkan kan lọ láìgba kọ́bọ̀, Sherpa ni wọ́n ń pè é, orúkọ àwọn ará òkè Himalaya tó máa ń mú àlejò gun òkè. Ẹni tó kọ́ wa ní Vault of Glass, a kò rí ojú rẹ̀ títí di òní. Ó tó ìgbà mẹ́tàlá tí a kú níbi kan náà, ó sì ń sọ pé, “Kò burú, ẹ jẹ́ kí a tún bẹ̀rẹ̀.” Láti oṣù Kẹjọ 2021 ni ẹni tó ní PlayStation, ẹni tó ní Xbox àti ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ti lè jọ gbá a, èyí ló jẹ́ kí ọmọ Ìbàdàn lè jókòó pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní London láàárín àwọn mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ ilé sì máa ń wọ ibẹ̀ ju ọ̀rọ̀ Atheon lọ.

Arábìnrin wa kan ní kí a fi èyí kún un, ó sì tọ́: ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àlejò wọlé, kì í sì í ṣe gbogbo àlejò ló ní ìwà. Ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ lanu sọ̀rọ̀, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rírùn nítorí pé ó gbọ́ ohùn obìnrin. Ó pa gbohùngbohùn rẹ̀, ó sì jáde. Láti ìgbà náà àwọn tó mọ̀ nìkan ló ń bá gbá a. Ní ìparí ọdún 2023 ni Bungie fi ibi tí èèyàn ti lè wá ẹgbẹ́ sínú géèmù náà fúnra rẹ̀. Ìwà kò sí nínú ohun tí wọ́n lè fi sí i.

AYÁLÉGBÉ NI WÁ NÍBẸ̀

Ó wá kan ibi tó kù sí, èyí tó wúwo jù ni a ó sì mú ṣáájú.

Nígbà tí èèyàn bá ra ìwé, ìwé di tirẹ̀. Destiny 2 kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ Bungie. Bí o tilẹ̀ ń dá a gbá, tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti lọ, géèmù ti lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 2020, nígbà tí àfikún Beyond Light jáde, wọ́n kó Mars, Mercury, Io àti Titan kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n kó ọkọ̀ ńlá Leviathan kúrò pẹ̀lú àwọn raid inú rẹ̀. Wọ́n kó Red War kúrò, ìyẹn ìtàn tí géèmù náà fi bẹ̀rẹ̀, èyí gan-an tí àwọn èèyàn san dọ́là 60 lé lórí ní 2017. Ní oṣù Kejì 2022, ìtàn Forsaken tẹ̀lé e, ohun tí àwọn èèyàn tún fi owó ọ̀tọ̀ rà. Àlàyé wọn ni pé géèmù náà ti tóbi jù, pé tí àwọn bá ń fi kún un láìyọ nínú rẹ̀, àtúnṣe yóò di ìṣòro. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Onílé náà lè ní ìdí gidi tó fi fẹ́ wó yàrá kan, ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó yàrá yẹn ti rí i pé ayálégbé ni òun.

Ọdún 2020 yẹn náà ni wọ́n pààlà sí agbára àwọn ìbọn tó ti pẹ́, débi pé ìbọn tí èèyàn fi oṣù mẹ́fà wá kò wúlò mọ́ níbi tí ìjà bá ti le. Ariwo ta. Ní oṣù Kejì 2021 Bungie sọ pé àwọn kò ní máa ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tó yà wá lẹ́nu jù. Ní ọdún 2024, òǹkọ̀wé kan gbé Bungie lọ sí kóòtù ní Louisiana, ó ní ìtàn tòun ni wọ́n mú fi ṣe Red War. Ẹ̀sùn yẹn kò kàn wá, kóòtù ló ni ín. Ohun tó kàn wá ni pé nígbà tí Bungie fẹ́ fi han adájọ́ bí Red War ṣe rí, wọn kò ní géèmù náà ní ipò tó lè ṣiṣẹ́ mọ́. Fídíò tí àwọn tó gbá a gbé sórí YouTube ni wọ́n kó wá. Ní oṣù Karùn-ún 2025 adájọ́ kọ̀ láti lo àwọn fídíò náà, ó sì ní kí ẹjọ́ máa lọ. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó kọ́lé kò rí ilé fi hàn mọ́, fọ́tò tí àwọn ayálégbé yà ló gbé wá sí kóòtù.

Èyí ló ń da orí ẹni tuntun rú pẹ̀lú. Ó wọlé lónìí, àárín ìtàn ló bá ara rẹ̀, wọ́n ń kí i bí ẹni tó ti mọ gbogbo èèyàn, kò sì sí ọ̀nà láti padà lọ wo ìbẹ̀rẹ̀.

ỌRỌ̀ OWÓ ÀTI Ọ̀RỌ̀ AAGO

Ní oṣù Kọkànlá 2017, àwọn tó ń gbá géèmù náà jókòó, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ṣírò. Wọ́n rí i pé nọ́ńbà ìlọsíwájú tó ń hàn lójú ẹ̀rọ kọ́ ni géèmù ń kọ sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá ń yára ṣe iṣẹ́ kan náà, wọ́n ń dín tirẹ̀ kù láìsọ fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlọsíwájú yẹn ló ń fúnni ní Bright Engram, àpótí kan tí èèyàn tún lè fi owó gidi rà. Bungie gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, wọ́n sì mú un kúrò. Kò pẹ́ rárá tí àwọn èèyàn tún rí i pé iye tí wọ́n nílò fún ipele kan ti kúrò ní 80,000, ó ti di 160,000. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò lọ́jà, ẹ mọ orúkọ tí a ń pe òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀.

Àpótí náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Owó rẹ jáde, o kò mọ ohun tí yóò wọlé. Aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa kò mọ orúkọ mìíràn tí à bá pe irú káràkátà bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́. Ìjọba Belgium náà ti pe irú àpótí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn géèmù mìíràn ní tẹ́tẹ́ ní 2018. A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún Bungie níbí: ní 2020 wọ́n ṣíwọ́ títa Bright Engram fún owó. Ohun tí wọ́n ń tà lẹ́yìn náà, o rí i kí o tó rà á.

Ti ìbọn yàtọ̀ síyẹn. Láti oṣù Kẹsàn-án 2018, ìbọn kan náà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá kí ti oníkálukú ní ànímọ́ tirẹ̀. Èyí tó pé jù ni wọ́n fún ní orúkọ kan tí àwa kì í pè láàárín ara wa, nítorí wọ́n fi Ọlọ́hun sí i. Kò sí owó níbẹ̀, a kò pè é ní tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n òun ló ń mú kí èèyàn ṣe iṣẹ́ kan náà nígbà ogójì, kí ó sì máa sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Ní oṣù Kejì 2022 wọ́n fi ọ̀nà kan sí i tí èèyàn fi lè rọ àwọn ìbọn kan fúnra rẹ̀ bí alágbẹ̀dẹ, ìyẹn sì dín ìyà kù.

Aago ló wá burú jù fún àwa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń tún gbogbo èrè ọ̀sẹ̀ ṣe, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwa ní Nàìjíríà. Tí o bá ti gba ti ọ̀sẹ̀ yìí, ó di Ìṣẹ́gun mìíràn. Ìdíje Trials of Osiris ń ṣí ní aago kan náà ní ọjọ́ Jímọ̀, ó sì ń parí ní Ìṣẹ́gun. Láti aago mẹ́fà sí Mọ̀gàríbì, nǹkan bíi wákàtí kan ni, nígbà mìíràn kò tó ààbọ̀ wákàtí. Géèmù yìí kò sì ní ibi tí èèyàn ti lè dá a dúró kí ó dìde. Tí o bá dìde, ọ̀tá kò dìde. Tí o bá já ìdíje náà sílẹ̀, ìyà wà fún un. Raid kì í ṣe nǹkan ìṣẹ́jú mẹ́wàá: nígbà tí raid Last Wish ṣí ní oṣù Kẹsàn-án 2018, àwọn tó kọ́kọ́ parí rẹ̀ lágbàáyé lo nǹkan bíi wákàtí 19.

A kò ní dá géèmù lẹ́bi ohun tí àwa fọwọ́ ara wa ṣe. Ní ọdún kan, Ìṣẹ́gun mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn tí ladánì pe ìrun tí ẹni mẹ́rin nínú wa jókòó, tí a ń sọ pé “ẹ jẹ́ kí a pa eléyìí tán.” Nígbà tí a pa á tán, Ìṣáì ti dé. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan. Oníkálukú pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Ní ti dátà, kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé géèmù náà lé ní 100 gígábáìtì, kí ó tó kan àtúnṣe tó ń wọlé lemọ́lemọ́. Iná tó lọ láàárín raid, gbogbo yín la mọ ìyẹn.

ÌDÁHÙN WA SÍ ARÁKÙNRIN NÁÀ

Àfikún The Final Shape jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 2024. Òun ló parí ìtàn ọdún mẹ́wàá, àwọn èèyàn sì yìn ín gan-an. Kò pé oṣù méjì, ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, tí Bungie dá òṣìṣẹ́ 220 dúró. A mẹ́nu ba èyí nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ sanwó sí ilé yìí ní láti mọ bí òpó rẹ̀ ṣe dúró. Àfikún ṣì ń jáde ní 2025, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún un pé ohun tó rà yóò wà níbẹ̀ ní ọdún mẹ́rin sí i.

Nítorí náà a kò sọ fún un pé kí ó má rà á. A ní kí ó bi ara rẹ̀ bóyá ó lè san owó náà bí owó mọ́tò tí a fi lọ síbi ayẹyẹ, owó tí kò sí ohun tí a ń mú bọ̀ níbẹ̀ bí kò ṣe ohun tí a rí àti àwọn tí a jọ lọ. Tí ó bá ń rò ó bí owó ilẹ̀, kí ó fi sílẹ̀. A tún bi í bóyá ó ní àwọn tí yóò bá gbá a. Ó ní rárá, òun nìkan ni. A sọ fún un pé nígbà náà, apá tó dùn jù kò sí nínú ohun tó fẹ́ rà. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló fẹ́ fi owó oṣù mẹ́ta rà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni raid. A ṣàlàyé Atheon fún un bí a ti ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àbí ẹ̀yin náà ń jókòó tì í ni?” A ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tí àwa ṣe láti ọdún yẹn ni pé a kò fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe nǹkan kan mọ́. Alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn Ìṣáì, ni a ń wọlé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, a sì ń jáde ní aago mọ́kànlá, bí Atheon bá kú tàbí kò kú. Àwọn èrè tó bọ́ lọ́wọ́ wa báyìí pọ̀. Àwa márùn-ún ló kù níbẹ̀, nítorí ẹnì kan ti lọ sin ìlú ní Sókótó, wọ́n sì ti sọ fún arákùnrin náà pé àyè ẹnì kẹfà ṣófo.